Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Orin Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun nìkan. Ó kan àwo orin pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, 9ice, akọrin tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó sì dàgbà ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó, gbé àwo orin méjì jáde. Ọ̀kan ń jẹ́ Versus, èkejì ń jẹ́ Bashorun Gaa. Ọ̀rọ̀ àjèjì ni orúkọ àkọ́kọ́. Ìtàn Ọ̀yọ́ ni ó bí orúkọ kejì. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìlú Ọ̀yọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n láti ara páálí àwo náà dé inú ìtàn tí orúkọ rẹ̀ ti wá, ọ̀nà jìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ẹni mú un rin ọ̀nà náà yóò gbọ́ orin tán, yóò jó, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Bí ènìyàn bá dúró ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní iwájú ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí ó sì ní kí ẹni tí ń kọjá dárúkọ orin 9ice kan, ó ṣòro kí onítọ̀hún má kọ́kọ́ dárúkọ Gongo Aso, tí ó jáde ní 2008. Àwọn òbí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama lónìí jó sí i níbi ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò rántí Bashorun Gaa. Orin tí ó lókìkí ti bo àwo tí kò lókìkí mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, èyí tí kò lókìkí yìí ni ó gbé ẹrù tí ó wúwo jù dání, ó kéré tán nípa orúkọ tí ó ń jẹ́.

Ta ni Gáà? Baṣọ̀run ni í ṣe olórí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí wọ́n ń yan Aláàfin, tí wọ́n sì lè sọ fún un pé ayé kọ̀ ọ́. Gáà di ipò náà mú ní Ọ̀yọ́-Ilé láti nǹkan bí 1754 títí di 1774. Lábísí, Awónbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé, gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ìtàn kà sí i lọ́rùn. Awónbíojú kò ju 130 ọjọ́ lọ lórí oyè. Àwọn ọmọ Gáà tàn ká ilẹ̀ ọba, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sí ààfin. Ìgbà tí Abíọ́dún gorí ìtẹ́ ni ó fi ọgbọ́n àti sùúrù bá a lò, títí tí òun àti Ọ̀yàbí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó wà ní Àjàṣẹ́, fi dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ikú ẹ̀sín ni Gáà kú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń sọ pé: bí o láyà, ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, ṣòótọ́.

Àwọn arọ́kin ààfin ni wọ́n tọ́jú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, tó kọ wọ́n sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Adébáyọ̀ Fálétí, àgbà òǹkọ̀wé ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó kú ní 2017, sọ ti Gáà di eré onítàn, Baṣọ̀run Gáà, tí ó jáde ní 1972. Nínú eré náà, ẹran àgbọ̀nyín ni wọ́n nílò láti fi ṣe oògùn. Ọmọbìnrin Abíọ́dún sì ń jẹ́ Àgbọ̀nyín. Gáà fi ọmọ dípò ẹran, ó ní orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ẹ̀mí kan lọ nítorí pé alágbára fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ka ibẹ̀ kò tún ní gbọ́ orúkọ Gáà lẹ́nu akọrin bí ẹni gbọ́ oríkì akọni lásán. Yóò béèrè ohun tí akọrin fẹ́ fi orúkọ náà ṣe: ṣé ó fi ń yangàn ni, àbí ó fi ń kìlọ̀? Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn tó àkòrí àròkọ fún kíláàsì àgbà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ kò fara sin. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń sún sẹ́yìn, orin ni ó ń sún síwájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wà tí ó jẹ́ pé láti inú fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ òwe tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà. Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ di etí sí orin ìwòyí. Ohun tí ó yẹ ni kí ó ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n méjì sì tó: ohùn àti ìtàn.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni ohùn. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí. Ọwọ́ kì í ṣe ọwọ̀, ọwọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀. Owó ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú orin àwọn ọ̀dọ́. Bí adùn orin bá fa sílébù méjèèjì rẹ̀ wálẹ̀, òwò ni etí yóò gbọ́. Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n fi ohùn orin Òyìnbó kọ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ ń lọ sókè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tí wọ́n wá ojútùú sí i. Ó ṣe orin ìsìn tí ó bá ohùn èdè mu, ó sì gba wọn sínú àwo ní London ní 1922. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀yọ́ tí ó ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew láti 1896, àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1898, kì í ṣe àjèjì sí irú orin bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti dán ohùn wò ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé kà. Kí wọ́n gbé orin náà fún onídùndún. Bí ìyáàlù bá lè sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí akọrin ṣe kọ ọ́, tí ẹni tí ó gbọ́ èdè sì mọ ohun tí ìlù wí, orin náà kò da ohùn Yorùbá rú. Bí ìlù bá tẹ̀ lé akọrin tí àwọn tí ń gbọ́ kò sì lóye, ọ̀rọ̀ ti sọnù sínú adùn. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣaláìní ìdílé Àyàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá pe ọ̀kan nínú wọn wá sí kíláàsì fún wákàtí kan ti ṣe ohun tí ìwé gírámà kò lè dá ṣe.

Àìfi àmì sí ọ̀rọ̀ tún dá kún ìṣòro náà. Lára páálí àwo, Gongo Aso ni wọ́n kọ. Ọmọ tí ó bá kà á lè rò pé aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àkànlò èdè ni: gọngọ á sọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ariwo ńlá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Kí olùkọ́ kọ orúkọ orin mẹ́wàá sí ojú pátákó láìfi àmì sí i, kí ó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí wọn. Iṣẹ́ náà kò ní sú wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni.

Òṣùwọ̀n kejì ni ìtàn: ṣé òwe, oríkì tàbí orúkọ tí akọrin yá lò rí àyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ibí ni orin ẹlẹ́yọ kan ti máa ń kùnà. Ní ìgbà tí Ebenezer Obey àti Síkírù Àyìndé Barrister ń kọrin sórí àwo ńlá, ojú kan àwo lè lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwe a délẹ̀, a sì rí àlàyé. Ní ìgbà orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ orin ń lò. Òwe a yọ orí, a sì tún rì.

Asake jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára, ní ti iyì àti ní ti àbùkù. Ahmed Ololade ni orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó fi ń kọrin. Àṣàkẹ́, oríkì obìnrin, ni ọ̀dọ́mọkùnrin gbé wọ orí ìtàgé káàkiri ayé. Láti orí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Mr. Money With The Vibe, ní 2022, ni ó ti dá ohun kan padà: lílé àti ègbè. Agbo ohùn tí ń gbè é lẹ́yìn ń rántí fújì, ó sì ń rántí wéré tí ó bí fújì. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa fò láti Yorùbá sí àmúlùmálà Gẹ̀ẹ́sì kí èrò kan tó parí. Adùn pọ̀ níbẹ̀, ìtàn kò pọ̀. Adékúnlé Gold gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó sọ odindi àwo ní Fuji. Ilé ńlá ni ó wò kí ó tó sọ ọmọ náà lórúkọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ Barrister, kí ó sì gbọ́ àwo náà, kí ó tó sọ bóyá orúkọ náà ro ọmọ.

Àwọn àwo tí kò gba ìgboro kan sábà máa ń yege ju èyí lọ. Brymo fi èdè Yorùbá kọ àwo rẹ̀, Ẹ̀san, ní 2021, ní ìgbà tí ọjà ń béèrè fún Gẹ̀ẹ́sì. Beautiful Nubia ti gbé Jangbalajugbu jáde láti 2002, àwọn tí wọ́n mọ iyì rẹ̀ kò sì tíì jù ú nù. Kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ má sì gbàgbé Ògúndáre Fọ́yánmu, àgbà oníjàálá ìlú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí àwo. Ẹni tí ó bá gbọ́ Fọ́yánmu kí ó tó gbọ́ 9ice yóò mọ̀ pé kíkà oríkì àti yíyangàn níwájú èrò ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Àwọn kan yóò ní ìwà tí orin ìwòyí ń kọ́ni burú, kò sì yẹ kí ó wọ kíláàsì. Ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. 9ice kan náà tí ó lo orúkọ Gáà ni ó gbé Living Things jáde, tí awuyewuye sì bẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ bí ẹni ń yin àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti gbọ́ orin náà kí olùkọ́ tó mọ orúkọ rẹ̀. Lílé orin jáde ní kíláàsì kò lé e jáde ní etí. Ohun tí ó lè bá a jà ni ìtàn tí ó wúwo jù ú lọ. Ẹni tí ń jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ kiri, tí ayé ń kókìkí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ bá a: ta ni ó tún jọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Gáà? Olùkọ́ tí ó bá gbé orin náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé 1972 kò ní láti wàásù. Àwọn ọmọ yóò rí i fúnra wọn.

Gongo Aso yóò máa dún lọ níbi ayẹyẹ, kò sí ẹni tí ó ní kí ó má dún. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí Bashorun Gaa náà má parẹ́, kí ọmọ tí ó bá sì gbọ́ orúkọ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè tọ ipa rẹ̀ dé Ọ̀yọ́, kí ó mọ ilé tí akọrin wò kí ó tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.