Ohun Tí Lọ́ńdọ̀nù Jù Nù, Tí Jos Kò Jù Nù

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n kan ní Southmere, ní Thamesmead níhìn-ín, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó lọ sí ilé mìíràn. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti rí àpò ìdọ̀tí kan tí ó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, kò sí ẹ̀rọ tí a ó fi gbọ́ wọn mọ́. Ohùn màmá mi ni. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó ní fóònù."

Mo bá sọ ìtàn kan fún wọn. Láàárín ọdún 1967 sí 1978, ilé-iṣẹ́ BBC pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré amóhùnmáwòrán rẹ́, nítorí pé téèpù wọ́n, àyè ìkẹ́rùsí sì há. Ọ̀pọ̀ nínú eré Doctor Who bá a lọ. Ṣùgbọ́n BBC ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà wọn sórí fíìmù, ó sì ti tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, a kéde pé Philip Morris, ẹni tí ó ń wá irú eré bẹ́ẹ̀ kiri, ti rí apá 9 tí ó ti sọnù ní ibùdó amóhùnmáwòrán kan ní Jos. Apá eré méjì ni wọ́n: The Enemy of the World àti The Web of Fear, èyí tí àwọn abàmì onírun ti ń já ni láyà nínú ihò ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, apá kẹta The Web of Fear kò sí lára ohun tí a kó padà wá fún BBC.

Ẹ̀yin òbí, BBC ní ẹ̀dà lẹ́yìn odi. Ohùn màmá yín ńkọ́? Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò sí Jos kankan tí a ó ti lọ wá a.

A yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 16 tí kò mọ ìyá àgbà rí, fetí sílẹ̀ títí, ó wá béèrè pé, "Mọ́mì, ta ni Àṣàkẹ́?" Ẹ̀gbọ́n kò lè dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí ọmọ ti ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kò sì mọ oríkì rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó da ẹrù nù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba téèpù jẹ́. Ẹ tètè dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí i lára. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, kí ó lè béèrè ohun tí kò yé e.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èyí tí ó wà nínú àpótí yín kò tíì balẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.