Àléébù tí kò ní alábòójútó, àdánù ló ń fà

Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital l'Amẹ́ríkà pàdánù owó tó lé ní 440 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ìṣẹ́jú 45, nítorí àléébù inú kọ̀ǹpútà wọn. Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ímeèlì 97 ti wọlé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí. Ajá tí ogún èèyàn jọ ni, ebi ni yóò pa á.

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́, “mo ti sọ fún un” kò tó. Àléébù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹni tó rí i ni kó tún un dán wò, kó tó di pé wọ́n fagi lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í fún ara rẹ̀ ní máàkì.