Ata ilẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn du ọmọbìnrin

Olùkọ́ girama ni mí, mo sì mọ ojú ọmọbìnrin tí inú nǹkan oṣù ń run: á dorí kodò sórí tábìlì, òógùn á bò ó, bírò á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbo inú ike ni àwọn ìyá kan máa ń gbé fún wọn, nígbà mìíràn ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Èyí ni n kò fara mọ́. Ọtí kẹ̀, fún ọmọ ọdún 13!

N kò bá ewé jà o. Àwọn onímọ̀ ti dán ata ilẹ̀ wò lára àwọn obìnrin, ìrora wọn sì dẹwọ́. Omi gbígbóná inú ìgò tí a gbé lé ìsàlẹ̀ ikùn náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èròjà kan, prostaglandin, ló ń mú kí ilé ọmọ máa fún pọ̀, oògùn ibuprofen kì í sì í jẹ́ kí ara pèsè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè fún ọmọ ní oògùn yìí, lẹ́yìn oúnjẹ, bí ara páálí rẹ̀ ṣe wí. Ẹni tí ọgbẹ́ inú tàbí asthma ń dà láàmú, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ yé sọ pé "fara dà á, bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn." Ìrora tó ń le sí i lóṣooṣù lè jẹ́ àmì iju tàbí àìsàn tí wọ́n ń pè ní endometriosis. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.