Òbúkọ tó ń kan èèyàn, ta ló kọ́ ọ?

Bí ìwo òbúkọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, eré ni àwọn ọmọdé máa ń fi ṣe. Wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ tì í níwájú orí, òun náà a tì wọ́n padà, àwọn àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá dàgbà tó kan ìyá àgbà ṣubú, ẹ̀rín a dópin. Wọn a ní ẹran náà burú. Ẹran kọ́ ló burú. Orí ni àwọn ewúrẹ́ fi ń bára wọn jà. Ẹni tó bá tì í lórí ti pè é níjà.

Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín: ẹ̀yìn àti ọrùn ẹran ni kí wọ́n máa fọwọ́ pa, kì í ṣe orí. Okùn ọrùn ni kí ẹ fi mú un, torí egungun àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìwo, ó sì lè ṣẹ́. Ẹni tó bá ń tú okùn náà kò gbọdọ̀ gbé ojú sókè ìwo. Bó bá tẹrí ba láti kàn yín, ẹ má fi igi lù ú lójú, ìjà ni yóò kà á sí. Ẹ fa okùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó yíjú. Òbúkọ tí ẹ kò fẹ́ kó gun ewúrẹ́, ẹ pe dókítà ẹran kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ara rẹ̀ á rọlẹ̀.

Òbúkọ mìíràn wà lọ́jà. Ojú ọmọ tí ìwo bá fọ́ kò ní àrọ́pò.