Ẹ Má Ha Idẹ Àtijọ́

Ní ọdún 1901, àwọn òmùwẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì tí ń wá kànìnkàn lábẹ́ òkun, nítòsí erékùṣù Antikythera, kó ẹrù ọkọ̀ ojú omi kan tó ti rì láti ayébáyé jáde. Láàrin àwọn ère tí wọ́n rí, idẹ kan wà tó ti dípẹtà, tó sì ti ń fọ́. Kò wu ojú rárá. Ká ní wọ́n fi òòlù tú u wò nígbà náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Athens ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ní 2005, wọn kò jẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ X-ray ni wọ́n gbé wá bá a láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8, nítorí èyí tí a fi ń wo egungun nílé ìwòsàn kò ká irú idẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yí ègé idẹ kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ níwájú ìtànṣán náà, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ léraléra, kọ̀ǹpútà sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí wọ́n fi rí inú rẹ̀ ní ìpele ìpele. Kẹ̀kẹ́ eléyín 30 ló wà níbẹ̀, bíi ti inú aago. Lẹ́tà tí ojú kò rí fún ohun tó lé ní 2,000 ọdún sì hàn kedere. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá ni, àní títí kan ìgbà tí òṣùpá yóò bo ojú oòrùn. Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń pọ́n lé lónìí. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè, agbẹ́kànga, birikìlà, ọwọ́ wọn ni irú rẹ̀ tún lè bọ́ sí lọ́la. Bí wọ́n bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn bó o kó lè dán, tàbí tí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, X-ray kankan kò lè dá ohun tó ti lọ padà. Ìpẹtà tí a ń pè ní ìdọ̀tí yẹn, inú rẹ̀ ni díẹ̀ nínú lẹ́tà àwọn ará Gíríìsì náà farapamọ́ sí.

A kò ní kí wọ́n máa tan X-ray sí ohun gbogbo láìronú o. Ó lè ba ìṣirò ọjọ́ orí tí àwọn onímọ̀ ń fi amọ̀ inú ère idẹ ṣe jẹ́, nítorí náà amọ̀ yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀.

Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa sílẹ̀ ti ní kí ẹni tó bá rí nǹkan àtijọ́ nínú ilẹ̀ fi tó akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ létí. Àgbẹ̀ mélòó ló gbọ́ nípa rẹ̀ rí? À ń rọ àjọ náà kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ilé ìjọba ìbílẹ̀ pé: ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gé e, ẹ má ha á, ẹ fi erùpẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì wá pè wá.