Ọ̀mọ̀wé Tí Kò Ka Táyà Rẹ̀

Ẹ̀yin olóyè ìlú, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí ẹ ń ka ìwé yìí ní oṣooṣù, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹnu wa lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ ni. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún iyì àti ìlọsíwájú ilẹ̀ wa nínú ọ̀rọ̀ rọ́bà dúdú tí ó wà ní abẹ́ ọkọ̀. A dá a lóhùn pé ó kàn wá gidigidi. Ẹ̀mí ènìyàn ni táyà ń gbé, òkú kò sì mọ iyì.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó lítà epo kan sì fò láti abẹ́ ₦200 lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn wa kan ní Ilé-Ifẹ̀ ti yí ojú sí ọkọ̀ haíbíríìdì, èyí tí ń fi epo àti iná mànàmáná rìn pọ̀. Àwa kò bá wọn wí. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí táyà tí ó bá ọkọ̀ náà wá bá jẹ tán, kí ni àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí ń ṣe? Wọn a lọ sí ibi tí a to táyà àlòkù jọ sí, wọn a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọn a ní, "Tòkunbọ̀ gidi ni èyí," wọn a sì sanwó. Ẹni tí ó ka ìwé títí ó fi gboyè kò ní ka ìlà kan péré tí a kọ sí ara ohun tí yóò gbé òun, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ìtìjú ni èyí, òun ni a sì jókòó láti bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba orúkọ wa padà. Orúkọ ọmọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí ó la òkun kọjá padà sí ilé baba rẹ̀, òun ni a ń fi ayọ̀ pè bẹ́ẹ̀. Báwo ni a ṣe wá mú orúkọ ayọ̀ yìí fi sọ táyà tí àwọn ará ìlú mìíràn lò gbó? Táyà náà kì í ṣe ọmọ wa. A kò bí i, a kò rán an ní iṣẹ́, kò sì darí bọ̀ wá sí ilé. Wọ́n dà á nù ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí a wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìlà ojú táyà rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó mìlímítà 1.6, ẹni tí ó bá sì bọ́ irú táyà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ a máa san owó kí a tó bá a kó o kúrò. Ohun tí ẹlòmíràn sanwó kí a bá òun gbé jù sóde, òun ni a ń sanwó láti gbé wọ ilé.

Kò tán síbẹ̀. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí àwọn táyà wọ̀nyí ti ń wá ni ó ní ìgbà òtútù àti yìnyín, wọ́n sì ní táyà ti ìgbà náà lọ́tọ̀, tí a fi rọ́bà rírọ̀ ṣe kí ó má baà le gbagidi nínú òtútù. Àwòrán òkè onísóńsó mẹ́ta tí yìnyín kan wà nínú rẹ̀ ni àmì rẹ̀. Irú táyà bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn oṣù Kejì, lórí ọ̀dà gbígbóná láti Ìpetumodù dé Gbọ̀ngán, yóò máa jẹ kíákíá, kò sì ní di ilẹ̀ mú bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn èyí, kí ẹrù lè pọ̀ nínú àpótí ọkọ̀ ojú omi, àwọn oníṣòwò a máa ki táyà bọ inú táyà, méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a ká, okùn irin tí ó wà ní etí rẹ̀ a sì tẹ̀. Nígbà tí a bá fà wọ́n yọ, tí a fi ọ̀dà dúdú kùn wọ́n, ojú lásán kò lè rí ọgbẹ́ náà mọ́. Ojú ọ̀nà ni yóò fi í hàn.

Àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè yìí ti kọ táyà àlòkù ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sínú ìwé àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. Síbẹ̀ wọ́n tò ó sí ojúde ní gbangba, ọ̀sán gangan, bí ẹni pé òfin náà kò sí.

Nísinsin yìí, ẹ gbọ́ bí a ti í ka táyà, nítorí ẹni tí ń bá ènìyàn wí láì kọ́ ọ, ariwo lásán ni ó ń pa. Ẹ wá ibi tí a kọ lẹ́tà DOT sí ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ìlà náà ni ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Bí ẹ kò bá rí i ní ojú kan, ẹ yí i sí ojú kejì. Bí a bá ti ha á kúrò, ẹ fi táyà náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Àjọ SON, tí ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, ti ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí a ṣe é, nítorí rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó.

Ẹ tún wo ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Prius ọdún 2010 sí 2015 ni ó ń wọ 195/65R15. Fífẹ̀ táyà ni 195, ní mìlímítà; gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà; rímù tí ó bá a mu sì jẹ́ ínṣì 15. Bí a bá rí 91H lẹ́yìn rẹ̀, 91 ń sọ pé táyà kan lè ru kìlógíráàmù 615, H sì ń sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Ìwé pélébé tí ó wà ní férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni yóò sọ èyí tí ó tọ́ sí ọkọ̀ yín. Ẹ má ṣe gba èyí tí agbára ẹrù rẹ̀ kéré sí ti ìwé náà, nítorí ọkọ̀ haíbíríìdì ń gbé bátìrì ńlá ní àfikún sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ̀rọ iná mànàmáná rẹ̀ a sì máa fi agbára gbígbóná ti ọkọ̀ láti ìgbà tí ó bá ti ṣí ẹsẹ̀. Táyà ni ó ń gba ìjà méjèèjì.

Àwọn kan ń tan ara wọn pé ọkọ̀ haíbíríìdì ní táyà àdììtú tirẹ̀ tí a kò lè rí rà nílẹ̀ yìí, nítorí náà èyíkéyìí tí ó bá wọ rímù ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wá ni táyà tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ pé, tí ó sì ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀, nítorí yíyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni ó ń ran epo lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà yín bá jẹ́ ọ̀nà oníhò ní ojoojúmọ́, ó sàn kí ẹ pàdánù epo díẹ̀ kí ẹ sì ra èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn. Bí owó kò bá tó fún mẹ́rin, ẹ ra méjì tí ó bá ara wọn mu, kí ẹ sì fi wọ́n sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ìdí ọkọ̀ má baà yọ̀ nínú òjò. Kí ẹ sì jẹ́ kí fọ́kànáísà fi géèjì wọn atẹ́gùn rẹ̀, kì í ṣe kí ó fi ẹsẹ̀ ta á kí ó sì ní ó ti tó. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò pé a máa gbóná, a máa mu epo, a sì máa bẹ́. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ nítorí epo tí kò wọn atẹ́gùn táyà rẹ̀, inú agbọ̀n ni ó ń pọn omi sí.

A ti gbọ́ àwíjàre yín. Ẹ ní, "Tòkunbọ̀ ilẹ̀ Jámánì lágbára ju tuntun ilẹ̀ Ṣáínà lọ." Ó lágbára ní ọjọ́ tí ó jẹ́ tuntun, àgbà tí ó jẹ́ akọni nígbà èwe rẹ̀, ẹ kì í rán an lọ sí ojú ogun lónìí. Táyà tuntun tí kò dára wà, a kò jiyàn; kíkà kan náà ni yóò ya ire sọ́tọ̀ kúrò lára burúkú. Ẹ tún ní, "Owó kò sí." Sí awakọ̀ tákísí tí ń wá oúnjẹ òòjọ́, a kò lè fi ẹnu yẹpẹrẹ dáhùn, fún irú rẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe dá èésú sílẹ̀, kí àwọn awakọ̀ sì máa dá a fún táyà ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra Lexus, tí ó dá aṣọ ẹbí nígbà mẹ́ta lọ́dún, kí ó má ṣe sọ ọ̀rọ̀ owó fún wa. Oyè àti ipò kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kú pẹ̀lú aya àti ọmọkùnrin rẹ̀ ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ pé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni ó bẹ́.

Ohun tí ó dùn wá jù lọ nìyí. Igi ìrẹ́ wà ní igbó wa kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1895, rọ́bà tí a kọ lára rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú owó ńlá wọ èbúté Èkó; ojúkòkòrò sì mú kí a kọ igi náà láì mọ ìwọ̀n títí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dunlop dé sí Ìkẹjà, Michelin sì dé sí Port Harcourt, a ń ṣe táyà nílé. Michelin dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2007, Dunlop ní 2008, nígbà tí iná kò dúró mọ́ tí ọjà òkèèrè sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Títí di òní, a ń ta rọ́bà tútù fún ayé, a sì ń ra òkú táyà wọn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kò ní rí i rà ní ọ̀wọ́n.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣòro. Kí olúkúlùkù tí ó bá ka ìwé yìí dìde kí ó lọ ka táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó má sì gbàgbé ìkarùn-ún bí ó bá wà. Kí àwọn olóyè pe àwọn olórí awakọ̀, fọ́kànáísà àti àwọn tí ń ta táyà jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò pé táyà tí kò ní ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ èrò ní ìlú yìí. Kí ẹbí tí ó bá gba bọ́ọ̀sì lọ sí òde ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó béèrè ọjọ́ orí táyà kí ó tó béèrè iye owó. Kí a sì bi àwọn tí a rán lọ sí Àbújá léèrè ìdí tí òfin àwọn aṣọ́bodè fi di ìwé lásán, àti ìgbà tí a óò tún máa ṣe táyà nílẹ̀ wa.

Ní ọjọ́ Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọọ̀ni bá dé adé Arè tí ó sì lọ sí Òkè Mògún, àwọn awakọ̀ wa pẹ̀lú a máa bẹ Ògún kí ó má fi ẹ̀jẹ̀ wọn wẹ̀. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n bí táyà ọdún mẹ́wàá bá bẹ́ ní ọ̀nà Aṣẹ̀jíré, ẹ má ṣe ní Ògún ni. A ti kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí i lára. Ẹ̀yin ni ẹ kò kà á.