BÀBÁ FẸ́ KÓ ỌMỌ LỌ SÍ IHÒ, ÌYÁ NÍ ỌMỌ ÒUN Ò LỌ

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Baálé ilé kan ló kọ ọ́ láti Ilé-Ifẹ̀. Ó ní òun bímọ mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì ni àgbà wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ fóònù, tí wọ́n ń wo àwọn òyìnbó tó ń rìn nínú ihò ilẹ̀. Ó wá fẹ́ kó wọn lọ sí Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́, kí wọ́n lọ láàárọ̀, kí wọ́n padà nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbọ́, màmá ní òun náà ń bá wọn lọ. Ó ní láti ọdún tí ọkọ òun ti kú, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ẹsẹ̀ òun mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó ní òun ò lọ, ọmọ òun kankan ò sì lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ń dé orí tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í bá a dé. Ó ní kí n wá dá ẹjọ́.

Ẹjọ́ tọkọtaya! Ẹni tó bá kánjú dá a, bó bá dòru wọ́n á parí ẹ̀ lórí ẹní, adájọ́ nìkan ni yóò kù tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lọ, nítorí náà n ó sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ń jà lé lórí. Inú igbó Ìsárùn ni Ihò Eléérú wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 25 sí Àkúrẹ́. Ẹ ó rí i nínú ìwé mìíràn pé wọ́n kọ ọ́ ní Iwo Eleru, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé pé Ihò Eléérú ló tọ̀nà, ìyẹn ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n bá òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ṣe ọ̀bẹ àti irinṣẹ́, wọ́n bá àpáàdì nínú ilẹ̀ tó wà lókè. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ dáadáa, wọ́n bá ènìyàn tí wọ́n sin síbẹ̀.

Wọ́n yẹ èédú tí wọ́n rí nítòsí òkú náà wò, ó sì fi hàn pé ó ti ju 11,000 ọdún lọ. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún yẹ egungun náà wò. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 11,700 sí 16,300 ọdún, àti pé bí agbárí náà ṣe rí jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé ṣáájú ìgbà náà fíìfíì. A ò tíì gbọ́ egungun ènìyàn mìíràn ní Nàìjíríà tó dàgbà tó o. Ẹ wò ó, kí kòkó tó dé, kí ọkọ́ àti àdá tó dáyé, ẹnìkan ti kú nínú igbó yẹn, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sin ín. Bàbá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ya wèrè rárá.

Ṣùgbọ́n, ọ̀gbẹ́ni, ẹ má tan àwọn ọmọ. Èyí tí wọ́n ń wò lórí fóònù yàtọ̀. Ní ìlú Slovenia, láti 1872 ni wọ́n ti la irin reluwé sínú ihò Postojna kí àlejò má baà fẹsẹ̀ rìn jìnnà. Ihò Eléérú kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpáta ńlá tó yọrí síta bí òrùlé ni, níbi tí àwọn ará ìgbàanì ń sá òjò sí, tí wọ́n sì ń dáná. Ọ̀nà igbó lẹ ó fẹsẹ̀ rìn kí ẹ tó débẹ̀. Agbárí náà pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbé e lọ láti 1965. Ọmọ tí ẹ bá ṣèlérí fún pé yóò rí egungun, tó wá rìn nínú oòrùn tó bá òkúta, kò tún ní í gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́.

Ó kan ìyàwó. Àwọn kan yóò ní ojo ni. Irọ́ ni o! Ẹ bi ara yín: bí mọ́tò kò bá dé ní agogo mẹ́fà, tí ilẹ̀ ṣú, ta ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ta ló ń ka iye ọmọ tó jáde láàárọ̀? Gbogbo wa là ń gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà wa. Ẹni tó bá bẹ̀rù irú èyí, làákàyè ló ní. Ìyàwó yín kò bá ihò jà, ọ̀nà ló ń bẹ̀rù. Ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ sọ bí ẹ ó ṣe lọ àti bí ẹ ó ṣe bọ̀ fún un. Bóyá òun gan-an ni yóò di ẹrù.

Báyìí ni mo rò pé kí ẹ ṣe é. Ẹ má lọ lásìkò òjò, nítorí yíyọ̀ ilẹ̀ àti ejò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú díẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí pọ̀pọ̀ṣìnṣìn Kérésìmesì tó bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ béèrè ní ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Àkúrẹ́, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ ará Ìsárùn. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ jókòó sílé. Ihò tó ti wà láti 11,000 ọdún kò ní í sá lọ. Bí ọ̀nà bá dára, ẹ jáde ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Láti Ifẹ̀, ẹ gba Iléṣà, ẹ gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ẹ kọjá Ọ̀wẹnà, ẹ ó sì bọ́ sí Igbára-Òkè. Gbogbo rẹ̀ kò tó 100 kìlómítà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ọ̀nà Ìsárùn. Bí ẹ bá dé Ìsárùn, ẹ kọ́kọ́ yà sí ààfin, ẹ kí àwọn àgbà, kí wọ́n fún yín ní ẹni tó mọ igbó. Àlejò tó bá wọ igbó onígbó láìkí onílé, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn.

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn. Ẹ mú omi tó pọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má jẹun lábẹ́ àpáta náà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń pọ̀ sí i. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e kiri. Oúnjẹ yín, inú kúlà tó ní ìdérí ni kó wà, kí ẹ padà wá jẹ ẹ́ ní Igbára-Òkè. Bí ẹ bá rí àdán, kí àwọn ọmọ má ṣe jù ú lókò, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án. Nítorí pé fóònù lè má lọ nínú igbó, ẹ sọ fún ẹnìkan nílé pé, “Bí o ò bá gbọ́ ohùn wa kí agogo mẹ́ta tó lù, pe ẹni báyìí ní Ìsárùn.” Kí òkùnkùn má bá yín lójú títì.

Màmá ńkọ́? Màmá kò gbọdọ̀ wọ igbó yẹn, ẹ jọ̀wọ́. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í bá ọmọ ọdún mẹ́tàlá du gbòǹgbò igi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn sọ fún un pé, “Màmá, ẹ jókòó sílé,” ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá tó ní ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ẹsẹ̀ òun mọ̀, ihò kọ́ ló ń wá. Ó fẹ́ kí wọ́n mú òun dání ni.

Nítorí náà, ìrìn méjì ni kí ẹ ṣe, kí ti màmá ṣáájú. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ohun abẹ́ ilẹ̀ wo lẹ ń wá lọ sí Oǹdó kí ẹ tó wo ti abẹ́ ilé yín? Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ló kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń pariwo lónìí. Ní 1957, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ tún kan ère ní Ìta Yemòó. Frank Willett gbẹ́ ibẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to ọ̀kọ̀ọ̀kan nínàró bí ẹni ń hun ẹní. Ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ gbé màmá síwájú mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ó máa tọ́ka, kí ó máa sọ ìtàn àdúgbò fún àwọn ọmọ bí òun náà ṣe gbọ́ ọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹ ti padà délé. Ìyàwó náà yóò bá yín lọ, ẹ sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ìmọ̀ràn kan kù. Dájúdájú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yóò bi yín pé, “Dádì, ṣebí Ifẹ̀ ni wọ́n ní ayé ti ṣẹ̀. Báwo ni ti ará Ihò Eléérú ṣe jẹ́?” Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé ìtàn Ifẹ̀ ń sọ bí adé, oríkì àti ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa; egungun náà ń sọ pé ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀ kò ṣófo rí láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ tó mọ méjèèjì kò sọnù. Èyí tí kò mọ ọ̀kan ni ẹ̀rù ń bà mí fún.

Kí wọ́n má sì he òkúta tàbí àpáàdì kankan sápò. Òfin ti wà láti 1979 tó dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tó kó èérún ilé elòmíràn lọ, olè ni.

Ìdájọ́ mi rèé: ìyàwó jàre lórí ọ̀nà, ọkọ jàre lórí ọmọ, màmá jàre lórí ọkàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi, àfi ẹni tó bá tún jẹ oúnjẹ alẹ́ yìí láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ti dé Ihò Eléérú rí, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ bí ọ̀nà igbó náà ṣe rí, kí baálé ilé yìí lè gbọ́ lẹ́nu ẹni tó rìn ín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.